Ká Tó Fi Ẹsẹ̀ Rin Ilẹ̀ Òkèèrè: Ìtàn Ọ̀nà Tó Jáde ní Kétu

 

Ọ̀rọ̀ ìrìn ni mo gbé wá lónìí. Ìrìn ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe ti ọkọ̀, kì í ṣe ti zémidjan. Ó pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ òkèèrè. Ilẹ̀ tiwa, mo ti rìn ín tó. Láti kékeré ni a ti ń fi ẹsẹ̀ lọ oko, tí a ń fi ẹsẹ̀ lọ ilé ìwé, tí a ń gba Kpankou, Odometa àti Idigny kọjá láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ẹsẹ̀ sì ṣì gbé mi. Bí n kò bá rìn nísinsìnyí, ìgbà wo ni?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí àwòrán wọn lórí fóònù: àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n di ọ̀pá mú, tí wọ́n ń rin orí òkè fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ẹni tó lé wọn. Èmi náà ń wò wọ́n, mo sì ń ronú ibi tí mo lè lọ. Nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ìwé ìtàn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

ÒYÌNBÓ TÓ MÚ KẸ́TẸ́KẸ́TẸ́ RÌN

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ di ohun tí ayé mọ̀. Ní oṣù September 1878, Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland, wọ àárín àwọn òkè Cévennes ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ẹni ọdún 27 ni nígbà náà. Ó ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, ó sọ ọ́ ní Modestine, ó di ẹrù lé e lẹ́yìn. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi rin ohun tó lé ní 200 kìlómítà, láti Le Monastier dé Saint-Jean-du-Gard. Ní 1879, ó tẹ ìwé jáde lórí ìrìn náà. Lónìí, wọ́n ti sàmì sí ọ̀nà tó gbà, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, GR 70, orúkọ Stevenson ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ará abúlé ojú ọ̀nà náà ń gba àlejò sílé, wọ́n ń ta oúnjẹ fún wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n á yá a.

Kì í ṣe òkè nìkan ló gbé Stevenson débẹ̀. Inú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n bí i sí ní Scotland. Ó ti kà nípa àwọn Camisards, àwọn àgbẹ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì orí òkè Cévennes, tí wọ́n dìtẹ̀ sí ọba Louis XIV ní 1702 nítorí pé ọba náà kò jẹ́ kí wọ́n sin Ọlọ́run bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn baba ńlá Stevenson ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn. Òkèèrè ló lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó jọ ti ilé wà lára ohun tó ń wá kiri.

Mo wá bi ara mi pé: àwa ńkọ́? Ọ̀nà wo ló wà ní òkèèrè tí ẹsẹ̀ àwọn baba wa ti wà nínú eruku rẹ̀?

NÍBO NI ÒKÈÈRÈ WA TI BẸ̀RẸ̀?

Fún ẹni tó ń gbé ní Kétu, òkèèrè kò jìnnà. Bí èèyàn bá jáde láàárọ̀ kùtù, tó kọjú sí ìlà oòrùn, kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti lè dé Ìlárá. Apá kan Ìlárá wà lọ́dọ̀ wa, apá kan wà lọ́dọ̀ wọn. Bí o bá kọjá níbẹ̀, o ti wà ní Nàìjíríà. Owó yí padà, sẹ́fà di náírà. Èdè ìjọba yí padà, Faransé di Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aṣọ́bodè yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ. Níwájú òfin, ìwọ àlejò ni.

Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ síwájú dé Iméko, tí o kí àgbàlagbà kan lábẹ́ igi, ohun tí yóò bi ọ́ ni pé, “Ọmọ ilé ta ni ọ́ ní Kétu?” Bí o bá dárúkọ ilé náà, ó lè jẹ́ òun ni yóò sọ ìyókù ìtàn rẹ fún ọ.

Nígbà mìíràn mo máa ń bi àwọn ọmọ ilé ìwé mi pé ibo ni wọ́n ń pè ní “l'étranger”. Wọ́n á ní Paris. Wọ́n á ní Kánádà. Wọ́n á ní Dubai. N kò tíì gbọ́ kí ọmọ kan dárúkọ Iméko. Kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n bí òkèèrè, wọn kò sì mọ̀ ọ́n bí ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí.

ÌRÌN ÀKỌ́KỌ́: ẸSẸ̀ LÓ TẸ ÌLÚ DÓ

Gbogbo wa la mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wa ti wá. Ohun tí a kì í rò dáadáa ni pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Kétu sọ pé Ṣópàṣán ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde ní Ifẹ̀, wọ́n sọdá odò Ògùn, wọ́n sì dúró ní Òkè Ọyán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà, tí apá kan gba ọ̀nà Ṣábẹ lọ, tí àwọn tiwa sì dé Aró. Ní Aró, ọba kan kú, ọba kan jẹ, títí ó fi kan Ẹdẹ. Ẹdẹ ló tún kó ẹrù, ó mú agbo ilé 120 lẹ́yìn, wọ́n ń tẹ̀lé ọdẹ kan tí ìtàn ń pè ní Alálùmọ̀n, nítorí ọdẹ ló mọ inú igbó. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Kétu wà lónìí, wọn kò ní iná. Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá nítòsí, Yá Kpánkú, ni wọ́n ti lọ tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Kpankou kọjá lójoojúmọ́, ẹ rántí iná yẹn.

Láti Kétu dé Ilé-Ifẹ̀, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ó lé ní 200 kìlómítà. Láti Atakpamé, níbi tí àwọn ará wa ní Tógò ti ń pe ara wọn ní Ifẹ̀ títí di òní, ó lé ní 350. Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ru ẹrù, wọ́n dúró gbin nǹkan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún ṣí. Ìrìn náà ju ayé ẹnì kan lọ. Ẹni tó jáde ní Ifẹ̀ kọ́ ló rí Kétu.

ÌBÙSỌ̀ ÀTI ONÍBODÈ

Lẹ́yìn tí ìlú dúró tán, ẹsẹ̀ kò sinmi. Ọ̀nà òwò là láti ìlú sí ìlú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìbùsọ̀, tí ìwé ń lò fún máìlì. Ibi tí ẹlẹ́rù ti ń sọ̀ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ láti sinmi ni. Kì í ṣe okùn ni àwọn baba wa fi wọn ọ̀nà, orí ẹni tó ru ẹrù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ibi tí ọrùn bá ti ní ó tó, ibẹ̀ ni ìbùsọ̀ kan pin sí.

Ní ẹnu bodè ìlú, oníbodè wà. Ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, ó sì ń béèrè ibi tí àlejò ti ń bọ̀ àti ilé ẹni tó ń lọ. Odi àti yàrà ló yí Kétu ká, ẹnu ọ̀nà Ìdènà sì wà níbẹ̀, Akaba Ìdènà tí àwọn àlejò ń wá wò títí di òní. Nítorí náà, ká má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní bodè. Bodè ti wà. Ṣùgbọ́n ìlú ni bodè ìgbà náà ń ṣọ́. Kì í pín ẹbí sí méjì. Àlejò tó bá ní onílé nínú ìlú, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní oṣù January 1853, ẹnì kan gba irú ọ̀nà yìí láti Abẹ́òkúta wá sí Kétu. Samuel Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tó sì ti di àlùfáà ní 1843. Ọ̀dọ̀ Alákétu ló wá, wọ́n sì gbà á lálejò. Bí a bá fojú ẹyẹ wò ó, nǹkan bí 85 kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Kò gba físà. Èdè kan náà ló bá débẹ̀. Ohun tó nílò ni ẹni tó mọ̀nà àti ẹni tí yóò gbà á sílé.

ÌRÌN TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ FẸ́

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà kan náà tó ń gbé ọ̀rẹ́ wá ló ń gbé ọ̀tá wá. Láyé ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbógun ti Kétu, nígbà tó sì di 1886, wọ́n kó ìlú náà, wọ́n sun ún. Àwọn tí idà kò pa, wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì mú wọn rìn lọ sí Àgbómẹ̀. Láti ibí dé ọ̀hún, ó tó 70 kìlómítà lójú ẹyẹ. Ẹni tó bá ti rìn ín pẹ̀lú okùn lọ́rùn kò ní bi wá léèrè bóyá ìrìn ẹsẹ̀ dùn.

Kí ó tó di ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta àwọn ará Kétu lẹ́rú kọjá òkun. Nílẹ̀ Bàhíà ní Bùràsílì, Ketu ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ńlá ìsìn Candomblé títí di òní. Àwọn tí wọn kò lè fi ẹsẹ̀ padà wálé fi orúkọ ìlú wọn dúró.

Àwọn tó wà ní Àgbómẹ̀ padà. Ní oṣù November 1892, ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀. Láàárín 1893 sí 1894, àwọn ará Kétu tó kù láàyè gba ọ̀nà ilé. Wọ́n gba ahoro wọlé, wọ́n gé igbó kúrò lórí ilé baba wọn, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Nínú gbogbo ìrìn tí mo kà nípa rẹ̀, kò sí èyí tó tó èyí lójú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ Kétu pé kò mọ ìrìn, kó rántí àwọn tó rìn láti Àgbómẹ̀.

ÌLÀ TÍ WỌ́N FÀ NÍGBÀ TÍ ILÉ ṢÓFO

Ẹ jẹ́ ká kíyèsí ọjọ́ méjì. 1886 ni wọ́n kó Kétu. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù August 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ní kí ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti etí odò Àjárá lẹ́bàá Àjàṣẹ́, kó máa lọ tààrà sí àríwá títí dé ìlà ìbú kẹsàn-án. Ìwọ̀ oòrùn ìlà náà di ti Faransé, ìlà oòrùn rẹ̀ di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí wọ́n ń fa ìlà yìí, Kétu wà ní ahoro. Àwọn tó ni ín wà nígbèkùn ní Àgbómẹ̀. Kò sí Alákétu lórí ìtẹ́. Àwọn tí wọ́n rìn padà wálé ní 1893 bá ilé wọn, wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n tó mọ̀ pé oko ẹ̀gbọ́n àwọn ní ìlà oòrùn ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba mìíràn. Kétu àti Ṣábẹ di ti Faransé. Iméko di ti Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni ìrìn ìdajì ọjọ́ ti di ìrìn òkèèrè.

ẸSẸ̀ TÓ ṢÈTẸ̀

Ìjọba Faransé kò pẹ́ kó tó béèrè nǹkan. Owó orí bẹ̀rẹ̀ ní Dàhòmì ní 1899. Iṣẹ́ tipátipá tẹ̀lé e: ọ̀nà lílà, ẹrù rírù, láìsí owó. Òfin “indigénat” sì fún ọ̀gá òyìnbó lágbára láti ju èèyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé iwájú adájọ́. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1914, wọ́n tún ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá di ọmọ ogun. Àwọn ará wa Ọ̀họ̀rí, nínú ilẹ̀ amọ̀ dúdú wọn lẹ́bàá Pọ́bẹ̀, gbé ohun ìjà. Láti 1914 dé 1916 ni ọ̀tẹ̀ wọn fi jà.

Àwọn mìíràn kò gbé ohun ìjà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀. Wọ́n di ẹní, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n mú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sọdá ìlà. Àwọn abúlé lódì kejì, ní ilẹ̀ Iméko àti ní agbègbè Yewa, gbà wọ́n, nítorí ẹbí ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Iméko fúnra rẹ̀, ló kọ ìtàn yìí fún ayé, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba òyìnbó, tó jáde ní 1976. Ohun tó fi hàn wá ni pé ìṣípò àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í ṣe ojo. Ọ̀tẹ̀ ni. Ẹni tí kò ní ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi sọ fún ìjọba pé òun kò gbà.

Kì í ṣe pé áńgẹ́lì ni Gẹ̀ẹ́sì o. Òun náà gba owó orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ń jó kì í bi odò bóyá omi rẹ̀ tutù. Ìgbà tí òfin Houphouët-Boigny ti April 1946 fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ni ìdí ńlá kan fún irú ìsá bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n bàbá tó “lọ sí Nàìjíríà tí kò padà”, ẹ béèrè ọdún tó lọ. Ẹ lè bá ìtàn owó orí tàbí ti ogun níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ń SỌDÁ TÍTÍ DI ÒNÍ

Ìlà náà kò pa ọ̀nà. Samuel Biléwu Oshoffa, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, ọmọ Iméko ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó papò dà ní 1985, Iméko ni wọ́n sin ín sí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ láti ọ̀dọ̀ wa sì ń sọdá lọ síbẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà kò mọ ìlà. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n jọ kọ orúkọ wọn sí i.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Láti 1979, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìsí físà, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n a tún rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní August 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. December 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn, díẹ̀díẹ̀. Oníṣòwò ta àdánù, tòmátì jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí 1889 fà sórí ìwé, a rí i pé agbára ṣì wà nínú rẹ̀.

ÌRÌN TÍ MO Ń GBÈRÒ

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé, kí n tó máa wo àwọn òkè Cévennes, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rìn. Kétu sí Ìlárá, Ìlárá sí Iméko, Iméko sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 20 sí 25 lójúmọ́, tó ń sinmi nígbà tí oòrùn bá le, lè dé Abẹ́òkúta láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí ara bá gbà, ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ ń bẹ níwájú. Òun náà kò ní ju ìrìn Stevenson lọ púpọ̀.

Mo ti ronú bí yóò ṣe rí. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, láti December sí January: ilẹ̀ gbẹ, àárọ̀ tutù, iṣẹ́ oko sì ti dín kù, èèyàn yóò bá àwọn àgbà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Kó gba ẹnu bodè tí ìjọba mọ̀, kí wọ́n rí i, kí ó sì sọ ohun tó ń wá. Kó má gba ọ̀nà inú igbó, ibẹ̀ ni àwọn tó ń gbé kpayo lórí alùpùpù ń gbà lóru, aṣọ́bodè tó ń lé wọn kò sì ní dúró béèrè bóyá olùkọ́ ni ọ́. Kó má dá rìn, kó má rìn lóru. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ojú ọ̀nà bóyá àlàáfíà wà níwájú kó tó gbéra, bí wọ́n bá sì ní rárá, kó padà. Kó mú omi tó pọ̀ ju èyí tó rò pé òun nílò lọ. Bí ó bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà sí. Òfin oníbodè àtijọ́ nìyẹn, kò tíì di ògbólógbòó.

Àwọn kan yóò ní, “Olùkọ́, kí ló dé tí ẹ kò wọ ọkọ̀? Ìyà wo ló ń jẹ yín?” Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ṣì ń rìn lọ ọjà pẹ̀lú ẹrù lórí nítorí pé owó ọkọ̀ kò sí, ẹni tí ọ̀ràn bá bá kì í pè é ní eré. Ṣùgbọ́n lórí zémidjan, bodè nìkan ni a ń rí. A ń rí ọ̀pá, a ń rí aṣọ ìjọba, a ń rí owó tí a san. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ láti abúlé dé abúlé, láìsí ibi kan tó lè nawọ́ sí pé ibí ni tiwa parí sí, ibí ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló lè kọ́ èèyàn ní èyí. Máàpù kò lè sọ ọ́.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ìlà 1889 kò tíì pín wa tán, nítorí pé èdè wa ṣì jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń kọ Faransé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀hún ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé láìgbọ́ Yorùbá dáadáa, ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò fi kí ara wọn? Bí kò bá sí ẹni tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń jókòó, tó ń béèrè, ohun tí ìjọba méjì kò lè ṣe láti ọdún 1889, àwa fúnra wa ni yóò bá wọn ṣe é parí.

Nítorí náà, bí ẹ̀yin náà bá ń ronú láti lọ rin ilẹ̀ jíjìnnà, ẹ lọ, ó dára. Ẹ lọ wo oko baba ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ẹ mọ ọ̀nà tó gbé baba yín dé ibi tí wọ́n bí yín sí.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó kù nílé. Ẹ béèrè orúkọ àwọn ìbùsọ̀ àtijọ́ láàárín Kétu àti Iméko, láàárín Ṣábẹ àti àwọn ìlú ìlà oòrùn rẹ̀, láàárín Pọ́bẹ̀ àti Ìlaròó: igi tí wọ́n ń sọ̀ ẹrù sí abẹ́ rẹ̀, kànga tí wọ́n ń mu, ilé tí wọ́n ń sùn. Ẹ kọ ọ́ síbí lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní Yorùbá tí ẹ ń sọ nílé, láìbẹ̀rù àmì ohùn. Ẹni tó bá mọ ẹyọ ibì kan ṣoṣo, kó kọ ọ́. Bí a bá kó wọn jọ, wọ́n á di ọ̀nà, a ó sì mọ ibi tí a lè gbé ẹsẹ̀ lé.

Ẹ kú àfojúsọ́nà. Ọ̀nà á là o.